Iṣẹ́ Aago Kan Tí Kì Í Tán

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Ọpọlọ. Ẹ kí i dáadáa o! Ẹni tí kò bá kí i tẹ́rùn, ó máa ní kí onítọ̀hún padà sẹ́nu ọ̀nà, kó tún wọlé, kó sì tún un kí.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ náà. Lọ́jọ́ tó dé sí ilé ìwòsàn ojú wa láti máa bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà, ó dúró sáàárín gbọ̀ngàn táwọn aláìsàn ń jókòó sí, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní, "Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà nínú fáìlì. Èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ mi sọ mí ni kẹ́ ẹ máa pè: Ọ̀gá Ọpọlọ." A pàtẹ́wọ́ fún un. Kí la fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá tán, àwa tó wà lẹ́yìn a yí ohùn orúkọ náà padà díẹ̀, a á sọ ọ́ di ti ẹ̀dá kékeré tó máa ń wú létí omi lásìkò òjò.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ aṣọ wọ̀. Bíró mẹ́rin ló máa ń fi sápò àyà, kò sí ọ̀kan tó ní íǹkì. Ó sì máa ń pòwe. Òun ló ń dá òwe náà fúnra rẹ̀, àwọn àgbà ló ń purọ́ rẹ̀ mọ́. "Àwọn àgbà ní, àgbà tí kò mọ wáyà, orí rẹ̀ ni wáyà máa gbà kọjá." Àwọn àgbà wo? Nílé ta ni?

Èmi ni mò ń pe orúkọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà. Iṣẹ́ mi kò ju ohùn lọ. Wọ́n á fún mi ní lísìtì, màá dìde, màá pariwo orúkọ ẹni tó kàn, onítọ̀hún á wọlé lọ bá dókítà. Ọdún kọkànlá rè é. Bí lísìtì bá wà, ọba ni mí. Bí kò bá sí lísìtì, èmi ni gbogbo èèyàn máa ń bú, torí èmi ló wà nítòsí.

Ìyá Káàdì ló ń kọ lísìtì náà tẹ́lẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti lò nínú yàrá káàdì, yàrá tó ní fèrèsé méjì, tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń lọ kí àna. Gbogbo aláìsàn ló ní káàdì níbẹ̀. Dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un, kò ní í gbójú sókè tó fi máa sọ pé, "Ojú òsì ló ń dùn ún. Àbúrò rẹ̀ náà ń wá síbí. Káàdì wọn wà lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ bá mi mú un."

Ní ti Ọ̀gá Ọpọlọ, yàrá tirẹ̀ kò ní fèrèsé kankan. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà, ògiri kan ló pààlà òun àti yàrá káàdì, ìgbálẹ̀ àti korobá mẹ́ta ni wọ́n sì jọ ń gbé ibẹ̀. Odidi Ọpọlọ, tó ń bá korobá gbé! Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà le. Láti ọjọ́ tó ti fojú kan fèrèsé méjì yẹn ni kò ti sinmi mọ́.

Kò pẹ́ tó fi tọ Dókítà Àgbà lọ, obìnrin tó jẹ́ olórí gbogbo wa. Ó ní òun ti kọ́ kọ̀ǹpútà kan níṣẹ́, òun sì ti sọ ọ́ ní Aláìsùn. Lójoojúmọ́, bí aago kan ọ̀sán bá ti lù, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, Aláìsùn á ṣa orúkọ àwọn tó ń bọ̀ lọ́la jọ, á tẹ lísìtì wọn jáde, á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù kálukú pé kí wọ́n má gbàgbé.

"Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, mà," ni Ọ̀gá Ọpọlọ wí, "kí la tún fẹ́ fi yàrá káàdì ṣe?"

Dókítà Àgbà kì í ṣe ẹni tó ń kánjú. Ó ní àlejò ń bọ̀ láti oríkò iṣẹ́ wa lóṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá dá ṣiṣẹ́ lójú wọn, wọ́n á ti yàrá káàdì pa, Ìyá Káàdì á sì lọ sí ẹ̀ka wa kejì, tó jẹ́ wákàtí méjì ni àlọ, wákàtí méjì ni àbọ̀.

Ìyá Káàdì gbọ́, ó sì ń to káàdì rẹ̀ lọ. Òpópónà kejì sí ilé ìwòsàn ni ilé rẹ̀ wà, ìyá tó bí i ló sì ń tọ́jú níbẹ̀, arúgbó tí kò lè dá gbé ṣíbí dé ẹnu. Lọ́sàn-án, bó bá ti fún wa ní lísìtì, á sáré lọ fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ, á sì sáré padà.

"Bí wọ́n bá gbé mi lọ síbẹ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn," ló sọ fún mi. "Ta ló máa fún màmá lóúnjẹ ọ̀sán? Fèrèsé ni?"

Inú mi bà jẹ́ gan-an.

Ó wá ku Aláìsùn. Ọ̀gá Ọpọlọ gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kí gbogbo ayé lè máa rí i. Aago kan lù. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sójú rẹ̀ gbàgàdà: Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó di aago méjì, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Aago mẹ́rin, tá a ti ń palẹ̀ mọ́, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. A dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi ò rí òṣìṣẹ́ tó láápọn tó báyìí rí, lísìtì kan ṣoṣo kò sì tíì jáde.

Àwọn aláìsàn ti kún gbọ̀ngàn. Wọ́n ń wò mí, mo ń wo òkè àjà.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn lójoojúmọ́. Láàárọ̀, Ọ̀gá Ọpọlọ á dé, á dá iṣẹ́ náà dúró, á gbé ẹ̀rọ náà wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, lísìtì ti jáde. Á jù ú sí mi lọ́wọ́. "Ṣé o rí i? Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ. Èrò ibí yìí ló ń dẹ́rù bà á."

Àbí ẹ ò gbọ́ ìtọ́jú tó ṣe fún un? Lọ́jọ́ kan, ó ní ooru ló ń mú un, ó gbé fáànù tì í. Lọ́jọ́ kejì, ó pààrọ̀ wáyà. Lọ́jọ́ kẹta, ó yí àkókò iṣẹ́ náà sí aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní òun fẹ́ ká a mọ́ ibi tí kò fojú sí. Ó fòfin de sálúbàtà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní ariwo rẹ̀ ń dà á lọ́kàn rú. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ kò ràn án, ó rí ẹni dá lẹ́bi.

"Eruku káàdì ni!" ló ké. "Eruku ọdún méjìlélógún ló ń gba ara ògiri wọ inú ẹ̀rọ mi. Ẹ kó káàdì kúrò, ẹ̀ẹ́ rí iṣẹ́."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló wọ yàrá Ìyá Káàdì wá láti tù ú nínú. Mo wà níbẹ̀. Ó mú téépù tí kápẹ́ńtà fi ń wọn pákó dání.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yín ń dùn mí o," ló ní, ó sì na téépù sí fèrèsé àkọ́kọ́. "Lójoojúmọ́ ni mò ń bá yín bẹ Dókítà Àgbà." Ó kọ iye rẹ̀ sọ́wọ́. "Mo ní kí wọ́n fi yín sílẹ̀." Ó bọ́ sí fèrèsé kejì. "Àmọ́ wọ́n kọtí ikún."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," ni Ìyá Káàdì wí. "Àwọ̀ wo lẹ fẹ́ fi ṣe kọ́tìnì náà?"

"Búlúù," ni Ọ̀gá Ọpọlọ dáhùn, kó tó rántí ara rẹ̀.

Nígbà tó jáde, Ìyá Káàdì ṣí dúróà, ó mú ìwé kékeré kan jáde. Ó ní, "Bí káàdì bá sọnù, èmi kì í wá káàdì. Ẹni tó mú un gbẹ̀yìn ni mo máa ń wá. Wò ó." Ó ti fa ìlà sáàárín ewé ìwé náà. Lápá kan, ó kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà parí. Lápá kejì, ó kọ ọjọ́ tí kò parí. Gbogbo ìgbà tí aago kan bá lù tí ẹ̀rọ náà dá wà, kò parí. Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá bá jókòó tì í, ó parí. Níwájú gbogbo èyí tó parí, ó wá kọ ọ́ pé: *Mo gbọ́ "tín" lára ògiri. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.*

"Ẹ̀rín kẹ̀?"

"Ẹ̀rín kékeré. Bíi ti ẹni tí wọ́n ń kì," ló ní. "Mi ò mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ọjọ́ àlejò pé. Àwọn mẹ́ta ló wá láti oríkò. Méjì jókòó, wọ́n ń mi orí. Ẹ̀kẹta jẹ́ obìnrin tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ni onímọ̀ ẹ̀rọ tiwọn, báàgì aláwọ̀ eérú ló gbé kọ́ apá. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́: àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn aláìsàn tí wọ́n fi báńdéèjì bo ojú kan, tí wọ́n ń fi ojú kejì ṣe méjì. Ọ̀gá Ọpọlọ ti so Aláìsùn mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pàápàá lè rí ògo rẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀ títí. Ó ní, "Àwọn àgbà ní, ibi tí ọpọlọ bá ti dúró, kí páálí káàdì wá ibi jókòó sí." Ó wá fa àga, ó fẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Ìyá Káàdì nawọ́ sókè. "Ẹ dákun, Dókítà. Ẹ ní ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ la wá wò. Ṣé Ọ̀gá kò lè bá wa jókòó lọ́hùn-ún?"

"Kí ló burú nínú kí n jókòó tì í?"

"Kò burú," ni Dókítà Àgbà wí. "Ṣùgbọ́n wá jókòó síbí."

Aago kan lù. *Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.* Gbogbo wa gbójú sókè sí tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ọmọ kan béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé ìgbà wo ni fíìmù náà máa bẹ̀rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ọ̀gá Ọpọlọ ń nu ojú, ó ń dárúkọ ooru, ó ń dárúkọ iná, ó dárúkọ eruku káàdì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyá Káàdì ń wo aago. Mo mọ ibi tọ́kàn rẹ̀ wà: ọ̀dọ̀ arúgbó tí ebi ń pa nílé.

Ó dìde, ó gbé ìwé kékeré rẹ̀ lọ fún obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ náà. Ìyẹn kà á tán, ó tún un kà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí?"

"Ìdí káàdì ni, mà."

Obìnrin náà yíjú sí wa. "Iṣẹ́ tó ń parí lójú ẹni, tí kì í parí lẹ́yìn ẹni, kì í sábà ṣẹ̀yìn pé ó ń dúró de ìdáhùn kan. Ọ̀gá, nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ojútáyé ló ti ń ṣe é, ohun tó bá béèrè, ẹ̀ ń rí i. Nígbà tí aago bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ti ní kó máa ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ohun tó bá béèrè níbẹ̀, kò sí ojú tó máa rí i, kò sì sí ọwọ́ tó máa dá a lóhùn. Kí ló ń béèrè?"

"Kò… kò béèrè nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń yàn án bóyá kó ṣe é ní kọ̀rọ̀ tàbí ní gbangba." Ó dá iṣẹ́ náà dúró, ó sì yan gbangba.

Háà! Ẹ ò bá rí Ọ̀gá Ọpọlọ. Ó fò dìde, ó kọrí sí ibi tí wọ́n ki iná tẹlifíṣọ̀n bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà fáànù tí òun fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀, ó sì lọ jókòó gbì sẹ́sẹ̀ bàbá arúgbó kan.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni bàbá náà wí. "Ẹ ti gba nọ́ńbà?"

*Tín!* Àpótí kékeré kan yọ láàárín tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ jàn-ánran jàn-ánran nínú rẹ̀. Dókítà Àgbà mú awò ojú rẹ̀, ó wò mí. "Ìwọ tí o ní ohùn, kà á sókè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbí, ojú ló ń dùn wọ́n."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń pariwo nílé ìwòsàn yẹn, ohùn mi kò já gaara rí bíi tọjọ́ náà. Mo kà á:

"*Ẹ kí Ọ̀gá Ọpọlọ! Ọkọ ẹ̀rọ, bàbá wáyà, àjànàkú tí ń fi bíró mẹ́rin mi ilé kìjikìji! Dókítà Àgbà ń wo ojú, Ọ̀gá Ọpọlọ ń wo ọjọ́ iwájú. Láìsí i, ilé ìwòsàn yìí ì bá ti wó. Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?*"

Lábẹ́ rẹ̀, bọ́tìnì méjì ló wà: *Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.*

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò ràn án. Bí ìdí ẹ̀ ṣe jẹ́ rè é o! Lójoojúmọ́, bí aago kan bá ti lù, Aláìsùn á wọ kọ̀rọ̀, á béèrè bóyá Ọ̀gá rẹ̀ mọ nǹkan. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, òun náà á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Lówùúrọ̀, Ọ̀gá á ti ilẹ̀kùn, á ka oríkì ara rẹ̀, á tẹ *Bẹ́ẹ̀ ni*, á rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́!" ni bàbá arúgbó yẹn ké láti ibi ìjókòó rẹ̀.

Onímọ̀ ẹ̀rọ náà tẹ̀ ẹ́. *Tín!* Òmíràn yọ. Mo kà á: "*Ojú rẹ kò ríran. Nù ún, kí o tún un kà.*" Àpótí àkọ́kọ́ sì tún padà wá.

Ẹ̀rín bú gbàmù. Àwọn tó fi báńdéèjì dí ojú ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di báńdéèjì mú kó má bàa já. Onímọ̀ ẹ̀rọ náà wọ inú iṣẹ́ náà lọ, ó yọ oríkì kúrò, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé àyà kí gbogbo wa lè rí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, lísìtì jáde. Fóònù àwọn aláìsàn tó tún ń padà bọ̀ lọ́la bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri gbọ̀ngàn.

Mo wo Ìyá Káàdì. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹ̀rọ ti dá ṣiṣẹ́ lójú àlejò. Ohun tí Ọ̀gá Ọpọlọ ń wá ló tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ yìí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ó ti dìde nílẹ̀, ó ń gbọn ṣòkòtò.

"Ṣé ẹ rí i, mà? Ó ṣiṣẹ́! Àwàdà lásán ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ ti yàrá."

"Ẹ dúró ná," ni onímọ̀ ẹ̀rọ náà wí. "Òmíràn ṣì wà níbí, tí oríkì yẹn náà dá dúró. Ọjọ́ kọkàndínlógún rè é tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́tà ni, ó yẹ kó ti lọ sí oríkò. Ṣé ká jẹ́ kó parí?"

"Rárá!" Ọ̀gá Ọpọlọ pariwo débi pé ọmọ tó ń retí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ṣí i," ni Dókítà Àgbà wí.

Lẹ́tà náà bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n kà á. Mo kà á.

"*Èmi, Ìyá Káàdì, fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ tọrọ àyè láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti darúgbó. Ojú mi kò ríran mọ́. Mo sì rọ̀ yín kí ẹ fi yàrá mi ta Ọ̀gá Ọpọlọ lọ́rẹ, ẹni tó tọ́ sí.*"

Ìgbà yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ti fi orúkọ obìnrin náà kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ní kí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ló wá mú téépù lọ tù ú nínú! Bí lẹ́tà yẹn bá ti dé oríkò ni, wọn ì bá ti fọwọ́ sí i. Àpótí ìyìn rẹ̀ nìkan ló dá a dúró, tó ń béèrè fún odidi ọjọ́ mọ́kàndínlógún bóyá Ọ̀gá tóbi.

Ìyá Káàdì rìn lọ síwájú. "Ọ̀gá, ojú tí ẹ ní kò ríran yìí náà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

Dókítà Àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀gá Ọpọlọ, ṣé ìwọ lo kọ lẹ́tà yìí? Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ẹnu rẹ̀ là, ó pa dé. Ó tún là. Ohùn kò jáde. A dúró dè é. Ìṣẹ́jú kan kọjá.

"Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́," ni bàbá arúgbó náà wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ẹ̀rín tún bú. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ọ̀gá Ọpọlọ wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò tó ti kòkòrò.

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn. Òun ló lọ sí ẹ̀ka kejì, wákàtí méjì àlọ, wákàtí méjì àbọ̀. Mo gbọ́ pé yàrá tí wọ́n fún un níbẹ̀ kò ní fèrèsé, korobá ibẹ̀ sì jẹ́ márùn-ún. Aláìsùn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Yàrá káàdì ló wà báyìí, lábẹ́ fèrèsé àkọ́kọ́, torí onímọ̀ ẹ̀rọ yẹn ní ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ohun tó sọnù ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ àlejò náà, Dókítà Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Káàdì, àwọn àlejò sì fẹ́ bá a bọwọ́. Ó wo aago.

"Ẹ ṣeun gan-an o. Ẹ jọ̀ọ́, màmá mi ò tíì jẹun." Ó sì ti dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Mo yà fún un lọ́nà, mo gbé lísìtì sókè, mo pe ẹni tó kàn.